Ilẹ̀ Tí Ìyá Ìbejì Rà Nítorí Iyán

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ aláṣọ òkè tí kì í ṣá lóòrùn. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ a-rẹ́rìn-ín-títí-onílé-gbàgbé-ohun-tó-bá-wá. Ìyá Ìbejì, a-bí-méjì-lójúmọ́-bí-ẹni-sọ-ẹrù-kalẹ̀. A-gún-iyán-má-fi-kókó-sí. Òpó tó gbé ilé ró nínú ilé onílé. Ìyàwó mi, ọ̀rẹ́ mi, alátakò mi, sùn re o.

Yàtọ̀ sí 'sùn re o' yẹn, bí mo ṣe ń kì í láràárọ̀ nìyẹn nígbà tó wà láyé. Òun náà á sì dáhùn pé, "Bàbá Ìbejì, oríkì kì í yóni. Ẹ lọ wá iṣu."

Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó bọ́ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, nítorí náà ẹ má wo àṣìkọ mi. Gbogbo ẹni tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mo mọ orúkọ wọn, mo mọ ti bàbá wọn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì kò fẹ́ kí a máa kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ wọn. Ohun tí à ń pè wọ́n lójú wọn ni n ó máa pè wọ́n níhìn-ín.

Ìbàdàn la ti lo ayé wa. Mo ń ránṣọ, ó ń ta ọṣẹ, a sì ń gbé ilé onílé. Onílé wa àkọ́kọ́, Bàbá Agbòòrùn, kò fẹ́ kí a sá aṣọ síwájú ilé. Onílé kejì, Ìyá Ológbò, kò fẹ́ ọmọ tó ń ké, àwa sì bí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó di ti ẹ̀kẹta, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, òkè la wà. Bàbá onílé yìí kò bìkítà fún aṣọ, kò bìkítà fún ọmọ. Iyán ni kò fẹ́.

"Ìyá Ìbejì, ẹ má gún iyán lókè yìí mọ́ o. Ògiri mi ń lanu."

"Bàbá, ṣé ilé lẹ kọ́ ni àbí abọ́ tánganran?"

"Ẹ̀bà wà. Ẹ máa tẹ ẹ̀bà. Ẹ̀bà kì í mi ilé."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí bàbá náà fi bá a rín in, ṣùgbọ́n òfin dúró. Láti ọjọ́ náà, bí iyán bá wù wá, á gbé odó rù, á sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀, á lọ sí ẹ̀yìnkùlé Ìyá Aláta tó wà lódìkejì òpópónà. Èmi á gbé ọmọ odó tẹ̀ lé e. Àwọn ará àdúgbò á ní, "Ẹ wo tọkọtaya tó ń kó odó sálọ!" A ó gún un tán, a ó tún gbé e gun òkè. Kó tó dé orí tábìlì, ó ti tutù.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ní òun fẹ́ kí òun tó kú ni pé kí òun gún iyán lórí ilẹ̀ tara òun, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní wá kanlẹ̀kùn. Ilẹ̀ Ìbàdàn, ọwọ́ wa ò tó o. Nígbà tí àwọn ìbejì dàgbà tí wọ́n gbéyàwó, wọ́n ní kí a máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ìyá wọn ní, "Ilé ọmọ kẹ̀? Ilé aya ọmọ ni ilé ọmọ. Kí n tún lọ máa tọrọ àyè gún iyán lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

Àbúrò rẹ̀ kan wà ní Bantè, ní orílẹ̀-èdè Benin, tó ń ta epo bẹntiróò nínú ìgò lẹ́bàá títì. Elépo ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé bó bá ń bínú, Faransé ló fi ń bínú. Òun ló pè wá lórí fóònù pé, "Sisí mi, ẹ wá lo ọyẹ́ lọ́dọ̀ mi, kẹ́ ẹ sinmi díẹ̀." A lọ lọ́dún kan, a tún lọ lọ́dún kejì. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, iṣu ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Èdè wọn, Ìṣà, bá tiwa tan. Bí wọ́n bá sọ ọ́ kíákíá, a ó máa wò wọ́n lẹ́nu. Bí wọ́n bá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, a ó gbọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi a ó wọ aṣọ funfun, a ó bọ́ bàtà sílẹ̀, a ó bá Elépo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bíi pé Ìbàdàn la wà.

Ìgbà kẹta tí a lọ, Ìyá Ìbejì ní, "Elépo, bá wa wá ilẹ̀ kékeré kan. Ilé tí a ó máa wá lo ọyẹ́ nínú rẹ̀ ni mo fẹ́. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó padà s'Íbàdàn."

"Sisí, ilẹ̀ kẹ̀? Ní ìlú òkèèrè? Ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ ju bọ̀ǹjúù lọ?"

"Ṣé Faransé ni wọ́n fi ń gún iyán ni?"

Elépo mú wa lọ bá oníbàárà rẹ̀ kan, àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Oníṣu. Ọ̀kadà méjì ló gbé wa gba ọ̀nà Lougba, eruku sì sọ aṣọ mi di àwọ̀ mìíràn kí a tó dé. Bàbá Oníṣu fi ilẹ̀ kan hàn wá lẹ́bàá oko káṣù rẹ̀. Òkúta pẹrẹsẹ kan wà níbẹ̀. Ìyá Ìbejì bọ́ bàtà, ó gun orí òkúta náà, ó fi gìgísẹ̀ lù ú lẹ́ẹ̀mẹta.

"Bàbá Ìbejì, ó le."

"Kí ni ká fi líle rẹ̀ ṣe?"

"Odó ò ní mì lórí ẹ̀."

Èmi fa téèpù ìránṣọ mi yọ lápò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀. Bàbá Oníṣu wò mí títí. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ rán ṣòkòtò fún un ni?" Nígbà tó gbọ́ pé a kò ní máa gbé ilé náà tọdún tọdún, ó tún rẹ́rìn-ín. "Tí ẹ bá lọ ńkọ́, ta ni yóò máa gbé e? Aláǹgbá?" Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn wa, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní lójú tòun kò burú, ó ku kí òun bá àwọn ẹbí sọ ọ́. Ó ní kí a lọ fara balẹ̀, lọ́jọ́ márùn-ún sí i àwọn yóò jókòó lé e lórí.

Fífara balẹ̀ yìí gan-an ni Ìyá Ìbejì kò mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́jọ́ kejì ó bá Elépo lọ sí Savalou lọ kó ọjà. Ìgbà tí wọ́n ń bọ̀, ó gbé ọmọ igi ọsàn kan lé itan lórí ọ̀kadà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó ní ẹni tó bá ṣe wá lóore, ó yẹ kí a fi nǹkan dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní igi yẹn ni yóò máa sọ fún Bàbá Oníṣu pé a mọ oore. A ò sọ ibi tí a fẹ́ gbìn ín sí fún Elépo, nítorí a fẹ́ kó yà á lẹ́nu. Àwa méjèèjì la jọ lọ. Ìyàwó mi gbin ọsàn náà síwájú òkúta, èmi ni mo pọn omi, èmi ni mo fi igi wẹ́wẹ́ ṣe ọgbà yí i ká. Mo tún fi àkísà pupa kan so ọgbà náà kó lè lẹ́wà.

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Oníṣu dé ìsọ̀ Elépo. A gbé àga fún un, kò jókòó. A bu omi fún un, kò mu.

"Ta ló gbin igi sórí ilẹ̀ mi?"

Ìyá Ìbejì pàtẹ́wọ́. "Èmi ni o, Bàbá! Ẹ ti rí i? Ọsàn ni o, ọsàn dídùn!"

"Ìwọ lo gbìn ín?"

"Èmi gan-an. Bàbá Ìbejì ló pọn omi."

Mo tẹrí ba bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yìn.

Bàbá Oníṣu yíjú sí Elépo. Ó ní, "Ṣé o rí ẹ̀gbọ́n rẹ? A ní kí wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n ti gbà á." Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

Elépo gbé ọwọ́ lérí. Ó kọ́kọ́ sọ Faransé díẹ̀, a fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. "Sisí! Ẹ pa mí! Ẹ̀yin méjèèjì pa mí lọ́sàn-án gangan!"

"Kí la ṣe? Ọsàn la gbìn, a ò gbin májèlé."

"Ì bá ṣe iṣu lẹ gbìn, wọn ò ní bínú. Wọ́n ń yá àlejò nílẹ̀ níbí, kó gbin iṣu, kó gbin àgbàdo, kó gbin ẹ̀pà. Igi nìkan ni kò gbọ́dọ̀ gbìn. Iṣu á kúrò nílẹ̀ kí ọdún tó yí, igi ò ní kúrò. Lọ́la, ọmọ ẹni tó gbìn ín á dìde, á ní bàbá òun ló ni igi, bàbá òun ló nilẹ̀. Ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì tà fún un, ó ti fi ọgbọ́n jà á gbà nìyẹn. Ọmọdé ibí mọ̀ ọ́n!"

Ọmọdé ibẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Àwa tí a ti dàgbà sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí la mọ̀ nípa ilẹ̀? Mo bi í pé kí ló dé tí Bàbá Oníṣu fúnra rẹ̀ kò fà á tu. Ó ní wọn kì í fọwọ́ kan igi tí ọwọ́ ẹlòmíràn gbìn. Ẹni tó gbìn ín ni yóò wá hú u lójú gbogbo ẹbí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò sọ bóyá àwọn ṣì fẹ́ rí i. "Bí wọ́n bá kọ̀ yín," Elépo ní, "kò sẹ́ni tó máa ta ilẹ̀ fún yín mọ́, títí dé ìlú Koko lọ́hùn-ún."

Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ìbejì kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó mọ̀ ọ́n nìkan ló lè mọ bí ìyẹn ti burú tó. A jókòó síwájú ìsọ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ni n ó kú sí?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òwú lára aṣọ mi níbi tí kò sí òwú.

Lọ́jọ́ ìpàdé, a wọ aṣọ funfun, a lọ láìwọ bàtà. Àgbà ọkùnrin mẹ́rin ló jókòó ní àgbàlá, Bàbá Oníṣu wà láàárín wọn. Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, jókòó sẹ́bàá ògiri, ó ń pa ẹ̀gúsí sínú igbá, kò wo ẹnikẹ́ni. Elépo ti sọ fún wa pé àwọn ọkùnrin ni yóò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí Ìyá Àgbà bá mi orí, ọ̀rọ̀ tán.

Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá mi, ilé onílé la ti dàgbà. A ò mọ òfin ilẹ̀. Mo ní kí n fi igi yẹn dúpẹ́ ni."

Ọ̀kan nínú wọn, bàbá kan tó dé fìlà aláwọ̀ ewé, ní, "Gbogbo ẹni tó ń jalẹ̀ ló ń dúpẹ́."

"Bàbá, bí mo bá fẹ́ jalẹ̀, ṣé n ó so àkísà pupa mọ́ ọn kẹ́ ẹ lè tètè rí i?"

Ẹnìkan húkọ́ láti fi bo ẹ̀rín. Bàbá Oníṣu ní kí a máa lọ sí oko, kí ìyàwó mi lọ hú u.

Gbogbo wa la jọ lọ. Àfi Ìyá Àgbà nìkan ló dúró nílé. Mo rò pé ìyàwó mi yóò fa igi náà tu kí a lè tètè lọ fi ojú pamọ́. Rárá o. Ó yá ọkọ́, ó wa yí i ká jẹ́jẹ́, ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, gbòǹgbò kan kò já. Aṣọ funfun rẹ̀ ti di pupa dé orúnkún. Ó gbé igi náà sínú abọ́ ògbólógbòó kan, ó gbé e rù, ó sì kọrí sí ìlú. Àwọn bàbá ń wo ara wọn, wọ́n tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé àgbàlá, ó sọ abọ́ náà kalẹ̀ síwájú Ìyá Àgbà.

"Ìyá, mo ti hú u. Ṣùgbọ́n ó ṣì wà láàyè, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi í sọ́dọ̀. Bí ẹ bá tà fún wa, ẹ ó rántí mi. Bí ẹ ò bá tà, ẹ ti ní ọsàn."

Ìyá Àgbà fi ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó wo igi, ó wo orúnkún ìyàwó mi. Ó rọra sọ̀rọ̀, kí a lè gbọ́.

"Kí lo fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe gan-an? Wọ́n ní o ò ní máa gbé e."

"Mo fẹ́ máa gún iyán níbẹ̀ ni, Ìyá."

"Kí lo wí?"

"Iyán."

Bàbá onífìlà ewé ní, "Ó ti ìlú òkèèrè wá ra ilẹ̀ nítorí iyán? Ṣé kò síyán níbi tó ti wá ni?"

Ni Ìyá Ìbejì bá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti onílé, ó sọ ti ògiri tó ń lanu, ó sọ ti odó tí à ń rù sọ àtẹ̀gùn. Ó dìde, ó fi bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ hàn wọ́n, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ odó. Ọmọ Bantè ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí, iṣu ni wọ́n fi ń ṣayé. Ojú wọn kọ́kọ́ le bí ẹni gbọ́ ìròyìn ọ̀fọ̀.

"Ilé tí a kò gbọ́dọ̀ gún iyán nínú rẹ̀?" Ìyá Àgbà ní. "Ṣé ilé ìwòsàn ni?"

"Ilé ènìyàn ni, Ìyá. Ó ní kí n máa tẹ ẹ̀bà."

Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi di ògiri mú. Bàbá onífìlà ewé bọ́ fìlà, ó fi nu ojú. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé ayé ti padà bọ̀ sípò.

"Ẹ tà á fún un," Ìyá Àgbà ní. "Ẹni tó ń ru odó sọ àtẹ̀gùn nítorí iyán, ara wa ni. Ṣùgbọ́n igi yìí, ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà. Ọjọ́ tí ẹ bá bo ilé, èmi fúnra mi ni n ó wá gbìn ín síbẹ̀, kí gbogbo ojú rí i pé onílẹ̀ ló gbin igi fún àlejò."

Bí a ṣe ra ilẹ̀ nìyẹn. Ìwé rẹ̀ gùn ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. A lọ sí mẹrí, ilé ìjọba wọn ní Bantè, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹni tó wá wọn ilẹ̀, ọmọ Savalou ni. Èdè Mahi ni wọ́n bí i bá, ìwé Faransé ló kà, Yorùbá tó gbọ́ kò ju ti orí rédíò lọ. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ ní, "Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùgbọ́ wa." Mo fi téèpù mi hàn án. Ó wò ó, ó wo oko káṣù, ó tún wò ó. Kò rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu nínú Yorùbá orí rédíò. Ó kàn gbá mi mọ́ra.

Yàrá kan àti pálọ̀ la kọ́, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré, páànù la fi bò ó. Lọ́jọ́ tí a wọ ọ́, Ìyá Àgbà dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ẹnìkan gbé ọsàn tẹ̀ lé e. Igi náà ti ga dé ìbàdí. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín síwájú ilé, ó sì ní kí ìyàwó mi bu omi sí i. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ìbejì gbé odó lé orí òkúta pẹrẹsẹ náà. Ó gún iyán láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó tún gún un lọ́sàn-án láìsí ìdí kan. Lẹ́yìn odó kọ̀ọ̀kan á dúró, á tẹ́tí.

"Kí lò ń gbọ́?" mo bi í.

"Mò ń wò ó bóyá ẹnìkan máa kanlẹ̀kùn."

Ọyẹ́ mẹ́ta la lò níbẹ̀. Àwọn tó ń gun ọ̀kadà kọjá lọ sí Lougba mọ ìró odó rẹ̀. Àwọn mìíràn á yà, wọ́n á jẹ, wọ́n á máa lọ. Bàbá onífìlà ewé kì í pẹ́ dé. Ó ní òun wá wo igi tí wọ́n fẹ́ fi jalẹ̀ ni, á sì jókòó ti abọ́.

Ní ọyẹ́ kẹta, ọsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ òdòdó. Ìyá Ìbejì gún iyán láàárọ̀, ó ní apá ń ro òun. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Savalou. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún ó dákẹ́.

Àwọn ìbejì dé. Wọ́n ní kí a gbé ìyá àwọn lọ sílé, s'Íbàdàn.

Mo ní, "Ilé ta ni?"

Èyí Táíwò ní, "Bàbá, ṣé wọ́n á gbà kí a sin àlejò síbí?" Mo lọ bá Ìyá Àgbà, mo dọ̀bálẹ̀, mo béèrè. Ó wò mí bí ẹni pé mo tún ti gbin igi sí ibi tí kò yẹ.

"Àlejò wo? Lọ́wọ́ ta lò ń béèrè ilẹ̀ rẹ̀? Ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ẹ lọ gbẹ́ ẹ."

Bàbá Oníṣu àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Àwọn ìyá inú agbo ilé náà kó odó wọn wá, wọ́n tò wọ́n yí òkúta ká, wọ́n gún iyán fún gbogbo ẹni tó wá. Elépo ti ìsọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wa wọn ilẹ̀ náà wá láti Savalou, ó tún gbá mi mọ́ra. Ọjọ́bọ̀ la sin ín, lọ́sàn-án, lẹ́bàá igi ọsàn tó wà níwájú ilé rẹ̀.